Apá ńlá, aṣọ BP kékeré: bí mo ṣe ṣọ́ ìwọ̀n ara mi nínú oyún

Owó ni ẹjọ́ tí mo ní. Wọ́n gba owó bẹ́ẹ̀dì, owó àyẹ̀wò ìtọ̀ àti owó oògùn lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀jẹ̀ríru tí n kò ní. Apá mi ló tóbi, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn BP (ìfúnpá) ló kéré.

Rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nínú aṣọ yẹn. Tí kò bá yí apá ká tó, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni wọ́n máa fẹ́ sí i kó tó lè tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, nọ́ńbà á sì ga ju òótọ́ lọ. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn apá yín ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá. Tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ, aṣọ tó wọ́pọ̀ ní kílíníìkì kò gbà yín mọ́. Èyí tó ń lọ láti 32 sí 42 ni kẹ́ ẹ bèèrè. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n yẹn sára aṣọ fúnra rẹ̀. Mo bèèrè, nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ọ̀kan náà la fi ń wọn gbogbo èèyàn." Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn!

Mo ra tèmi, mo ń gbé e sínú báàgì lọ. BP mi tó jẹ́ 142 lé 92 di 128 lé 80. Kẹ́ ẹ tó ra, ẹ wo rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ̀rọ: òmíràn ní ẹyọ kan, òmíràn ní méjì, tí kò bá bá ẹ̀rọ wọn mu, owó ti wọ igbó. Ẹ tọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n yín, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀.

Tí aṣọ tó bá apá mu bá ṣì gbé 140 lé 90 jáde, ẹ gbà bẹ́ẹ̀ o. Àwa tá a sanra ni ẹ̀jẹ̀ríru oyún tètè ń mú. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ìrora lábẹ́ egungun ìhà: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ti ìwọ̀n ara kò le tó yẹn. Ẹ mú kílò tẹ́ ẹ wọ̀n kẹ́ ẹ tó lóyún, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wọn kílò 90 tó ga ní mítà 1.6 máa rí 35. Láti 30 sókè, kílò 5 sí 9 ló yẹ kí oyún fi kún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kì í ṣe àkókò àtifebi para ẹni. Àmàlà mi ò ju ìkúùkù kan lọ, ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Àyẹ̀wò ṣúgà wà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ẹ má fò ó.

Lẹ́yìn ìbímọ ni ìjà gidi, torí gbogbo ẹni tó wá kí ọmọ ló ń gbé màlútù àti mílíìkì wá kí omi ọmú lè pọ̀. Ọmú tí ọmọ ń fà léraléra ló ń mú un wá. Ṣúgà ni màlútù. Mo rọra ń rìn, mo dé ìdajì wákàtí lójúmọ́. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó gbọ́ ti dókítà rẹ̀ ná. Tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn yín, tàbí èémí ń há, ẹ sáré lọ: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan tó kó dín. Tíì ìfọnú tí wọ́n ń tà fún ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ńkọ́? Sẹ́nà, ewé tó ń múni yàgbẹ́, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: omi ara ni ìgbẹ́ gbuuru ń kó lọ, ọ̀rá jókòó síbi tó wà.