Bí ẹ ṣe lè tún àlọ́ì ríìmù tí ìpáàrà ti ń jẹ ṣe

Táyà iwájú ọkọ̀ mi lápá òsì ló kọ́ mi ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Tí mo bá gbé afẹ́fẹ́ sí i lónìí, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà, ojú táyà nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n wá ìṣó títí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n tún fún un láfẹ́fẹ́ pé kí n máa lọ. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni baba kan tú táyà yẹn kúrò lára ríìmù pátápátá, ó fìka nu etí ríìmù níbi tí ẹnu táyà máa ń jókòó sí, ó wá na ìka yẹn sí mi, ó funfun bíi ti ẹni tó ń lọ ẹfun. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ rí ibi tí afẹ́fẹ́ yín ń gbà lọ?"

Àlọ́ì kì í ṣe irin o, àlùmíníọ́mù ni, wọ́n kàn fi nǹkan bíi silicon àti magnesium díẹ̀ lú u kó lè le. Ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ kì í fi í pọ́n tó bá dógùn-ún, funfun lẹ́búlẹ́bú ló máa ń ṣe. Ọ̀dà àti kílíà (ọ̀dà tí kò láwọ̀ tí wọ́n fi ń parí ẹ̀ kó lè dán) tó wà lórí ẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Bí òkúta bá ti ta á tàbí tẹ́ ẹ bá fi ha etí gọ́tà, omi á ráyè wọlé, á wá máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́ kílíà, ẹ̀ẹ́ máa rí ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ipa ekòló. Bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn náà nìyẹn, òkè ṣì ń dán, inú ti tán.

Iyọ̀ ló ń mú kó yá jù. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń rà, Kánádà àti apá òkè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, iyọ̀ ni wọ́n sì ń dà sójú títì níbẹ̀ nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, ọkọ̀ á ti jẹ iyọ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó wọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ẹni tó bá wá ń gbé Ajah, Lekki, Badagry tàbí Cotonou, afẹ́fẹ́ òkun tún ń bu iyọ̀ lé e.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wo ríìmù yẹn dáadáa. Tó bá ti sán tàbí tó ti tẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó o fún yín, ẹ wá òmíràn rà, torí ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí nǹkan yẹn. Tí ojú ẹ̀ bá ń dán tó ní ilà róbótó-róbótó tín-ín-rín bí ojú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ni wọ́n fi gé e bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kùn ún kò lè rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa di. Kò burú ṣá tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ.

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ fa handbrake, ẹ fi òkúta tì í lẹ́sẹ̀, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi jáàkì gbé e, kẹ́ ẹ sì fi stand gbé ọkọ̀ yẹn dúró, jáàkì nìkan ò tó. Nígbà míì nọ́ọ̀tì á ti kúrò tán, ríìmù ò ní kúrò, torí àlùmíníọ́mù ẹ̀ àti irin họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí ríìmù máa ń jókòó sí lára ọkọ̀, ti dógùn-ún mọ́ra wọn. Ẹ má fi òòlù lu ríìmù. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà, kẹ́ ẹ má fún un, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó fi ìwọ̀n ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ mì ín síwá sẹ́yìn, á já. Tó bá ti já, ẹ tún gbé ọkọ̀ sórí stand, kẹ́ ẹ wá yọ ríìmù. Lẹ́yìn náà kí fọkanáísà tú táyà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má fi irin gún etí ríìmù, ojú ọgbẹ́ tuntun nìyẹn.

Ẹ wá fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọkọ̀ lásán àti omi ti tó, kẹ́ ẹ rí i pé ríìmù ti tutù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì táwọn kan máa ń pò ní ibi ìfọkọ̀, kíákíá ló ń mú kó dán lóòótọ́, àmọ́ ṣe ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ, kò sí èyí tó máa ro kọ́sítíìkì nínú ìkòkò àlùmíníọ́mù nínú wọn, wọ́n mọ̀ pé ṣe ló máa hó ṣààà tí ìkòkò á sì lu.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni pípa ojú ẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 80 bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti jẹ jù (bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe máa ń há tó), kẹ́ ẹ bọ́ sí 120, 240, kẹ́ ẹ wá fi 400 àti omi parí ẹ̀. Ẹ má dúró níbi tẹ́ ẹ ti rí funfun tán. Tẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú kéékèèké nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn, àrùn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa pa á títí àlùmíníọ́mù á fi mọ́ tónítóní. Ẹ sì pa á kọjá ibi tẹ́ ẹ rò pé ó parí sí, torí ó ti rìn lábẹ́ kílíà ṣáájú yín. Ẹ fi èékánná gba etí ọ̀dà tó ṣẹ́ kù, tó bá ṣì kọ́ èékánná, kò tíì ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà irin ò dáa fún un, èérún irin máa ń há sínú ẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà míì.

Níbi tí ẹnu táyà ń jókòó sí, inú àti ìta, ẹ fara balẹ̀ jù níbẹ̀. Ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń fò torí pé kò sẹ́ni tó ń rí i, wọ́n á kàn kùn ojú ìta kó rẹwà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ti tíúbù bọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ìpáàrà yẹn ò dúró o, ó kàn ń jẹ nìṣó lábẹ́ ẹ̀ ni. Ẹ fọwọ́ pa á yíká-yíká, kó jọ̀lọ̀, ẹ má fi fílà (filler, èyí tí wọ́n fi ń dí ihò) kankan síbẹ̀. Fílà kò kọjá ibi tí gọ́tà ti ha lójú ìta.

Ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti tínà nù ún, kẹ́ ẹ sì fín práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí àlùmíníọ́mù tó wà níhòòhò kì í pẹ́ bo ara ẹ̀ padà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta ọ̀dà pé práímà tó wà fún àlùmíníọ́mù lẹ fẹ́, etch primer, ti irin lásán á ṣí kúrò. Ẹ lẹ tépù bo ẹ̀yìn ríìmù níbi tó ti ń pàdé họ́ọ̀bù àti ojú ihò nọ́ọ̀tì, ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, tó bá nípọn níbẹ̀ ó máa ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì dẹ̀. Ẹnu táyà náà, práímà fẹ́lẹ́ ti tó o.

Ọ̀dà, ẹ fín in fẹ́lẹ́-fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín, lẹ́yìn náà kílíà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Kílíà alápòpọ̀, èyí tí wọ́n ń po méjì pọ̀ kí wọ́n tó fín in, ló le jù, àmọ́ èéfín ẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ lo máàsìkì tó dáa níta gbangba. Kó tó wákàtí 24 kí wọ́n tó fi táyà sí i.

Tí táyà bá ti wọlé, ẹ da omi ọṣẹ yí ẹnu ẹ̀ ká, tí kò bá hó, ó ti dí. Ẹ ṣe bálànsì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú họ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ fi gírísì fẹ́lẹ́ pa ìdodo ẹ̀ nìkan, kó má kan ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì. Ẹ máa fún nọ́ọ̀tì níkọjúsíra, ti Corolla máa ń jẹ́ 103 Nm (bí nọ́ọ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ le tó nìyẹn), kẹ́ ẹ tún un fún lẹ́yìn bíi 100 kìlómítà.

Èmi gbé afẹ́fẹ́ táyà tèmi sí 32 psi, lẹ́yìn oṣù kan mo wò ó, 31. Mo wá ní kí wọ́n tú àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ̀yìn apá ọ̀tún náà ti ń funfun.