Ọdún mẹ́ta ta ni à ń kà? Bí mo ṣe san owó ìwé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mejì

Dọ́là 725 ni mo fi kọ́ ìṣirò. Kì í ṣe ìṣirò tó le, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ìka ṣe é, ṣùgbọ́n èmi, ọkọ mi àti arákùnrin tó bá wa kọ N-400, fọ́ọ̀mù tí à ń fi béèrè láti di ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà, ni a jọ ṣì í. Owó náà sì lọ pátápátá, nítorí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i kì í dá a padà bí wọn kò bá gba ìbéèrè ẹni.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2020 ni mo wọ Amẹ́ríkà, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì tẹ̀ sára green card mi, ìyẹn káàdì àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí. Ọkọ mi ló kọ̀wé pè mí wá, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń lo green card. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni òun búra tó sì di ọmọ-ìlú. A dúpẹ́, a ya fọ́tò, a fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sínú fáìlì, kò sì sẹ́ni tó tún wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀.

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé ẹni tó bá jẹ́ aya tàbí ọkọ ọmọ-ìlú kì í dúró de ọdún márùn-ún bí àwọn yòókù, pé ọdún mẹ́ta ti tó, àti pé ó lè fi ìwé sílẹ̀ nígbà tó bá ku 90 ọjọ́ kí ọdún náà pé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ òótọ́ ni. Arákùnrin tí mo wí yìí, tó gba 200 dọ́là lọ́wọ́ wa, ka ọdún mẹ́ta láti orí ọjọ́ tó wà lára káàdì mi, ó yọ 90 ọjọ́ kúrò, ó sì já sí ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2022. Ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀." Kò kúkú yẹ̀.

Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2023 kí wọ́n tó pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìka títẹ̀ àti àwọn lẹ́tà tó ṣáájú kò ní ìtàn kankan nínú. Mo ti há ìbéèrè 100 tí wọ́n ń bi ènìyàn nípa ìtàn àti ìjọba wọn sórí. Mẹ́wàá ni wọ́n ń mú nínú rẹ̀, mẹ́fà lèèyàn sì gbọ́dọ̀ gbà, ṣùgbọ́n mẹ́fà àkọ́kọ́ ni mo gbà láìkọsẹ̀, ni obìnrin tó jókòó níwájú mi bá ní ó tó. (Fún àwọn tó fi ìwé sílẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìbéèrè tí wọ́n ń mú ti di 20, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba 12.) Mo kàwé, mo kọ̀wé, inú mi ń dùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìwé-ẹ̀rí ọkọ mi. Ó wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wò ó. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí mo fi ìwé mi sílẹ̀, ọkọ mi kò tíì lo oṣù 18 pé gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ìlú.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣebí ó ti lé ní ọdún méjì báyìí, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi fáìlì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi pé mẹ́ta. Ó ní ọjọ́ tí ènìyàn fi ìwé sílẹ̀ ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ó wá jókòó síwájú òun. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọdún mẹ́ta kan ṣoṣo ni à ń kà. Green card èmi aya gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́ta, ìgbéyàwó wa àti gbígbé pọ̀ wa gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́ta, jíjẹ́ ọmọ-ìlú ọkọ mi náà sì gbọ́dọ̀ pé e. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn nínú wọn ni yóò pinnu ọjọ́. 90 ọjọ́ tí à ń yọ̀ mọ́ yẹn, ti green card nìkan ni. Kò dín ọjọ́ kan kù lára ti ọkọ.

Lẹ́tà wọn dé. Wọ́n fún mi ní 30 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí mo pe arákùnrin náà, ó ní a kò sọ fún òun ìgbà tí bùrọ̀dá búra. Irọ́ ni. Fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ béèrè ọjọ́ tí ọkọ ẹni di ọmọ-ìlú, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi tẹ ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2021 síbẹ̀, tó kọjá lọ bí ẹni pé nọ́ńbà fóònù ló ń kọ. Èmi náà buwọ́ lù ú láì kà á. Ìdajì ẹ̀bi jẹ́ tèmi.

Olówó orí mi ní kí n kúkú dúró de ọdún márùn-ún tèmi, èyí tí ǹ bá lè fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kejìlá ọdún 2024, tí kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n orí kunkun kò jẹ́ kí n gbà á. Láàárín ìgbà yẹn mo lọ wo ìyá mi nílé. Oṣù méje ni mo fẹ́ lò, ṣùgbọ́n mo padà kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, nítorí ìrìn-àjò tó bá lé ní oṣù mẹ́fà lè já ọdún tí ènìyàn ti ń kà bọ̀, oṣù 18 nínú ọdún mẹ́ta ni ènìyàn sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ fọ́ọ̀mù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo san 710 dọ́là, mo kó ìwé owó orí wa, ìwé ilé àti ti báǹkì tí orúkọ àwa méjèèjì wà lára wọn jọ, n kò sì pe ẹnikẹ́ni. Wọn kò rí ibi kan tọ́ka sí. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni mo búra.

Bí a bá bí ọkọ yín sí Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ti fẹ́ ara yín, tí ẹ sì ti ń gbé pọ̀, fún 90 ọjọ́ ó kéré tán kí ẹ tó gba káàdì, ẹ lè ka tiyín láti orí káàdì bí mo ṣe ṣe, kò ní já yín kulẹ̀. Bí ó bá jẹ́ káàdì ọlọ́dún méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fún yín, ọdún méjì náà wà lára mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ọkọ ṣe búra bíi tèmi, ẹ yọ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde ná. Tèmi wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú tirẹ̀ báyìí. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi padà wà láàárín wọn, n kò sì ní yọ ọ́.