Àwòrán ara ògiri ní Belfast: ẹsẹ̀ yá ju mọ́tò lọ
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wo àwòrán ara ògiri ní Belfast, ní Northern Ireland, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Divis Street, ẹ gba Falls Road dé ibi tí ojú Bobby Sands, ọmọ ẹgbẹ́ IRA tó febi para ẹ̀ kú lẹ́wọ̀n láti fẹ̀hónú hàn, ti ń rẹ́rìn-ín lára ògiri, ẹ já sí Springfield Road, kẹ́ ẹ gba géètì Lanark Way bọ́ sí Shankill. Falls tó jẹ́ tàwọn Kátólíìkì àti Shankill tó jẹ́ tàwọn Pùròtẹ́sítáǹtì fara kanra, odi ló kàn là wọ́n láàárín. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ti géètì yẹn lálẹ́, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá yín. Ẹ fi jẹ́sì Celtic (ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù táwọn Kátólíìkì ń tì lẹ́yìn) tàbí ti Rangers (táwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń tì lẹ́yìn) sílé o. Níbẹ̀, jẹ́sì lè sọ ẹ̀yìn ẹni tẹ́ ẹ wà. Àwòrán ti George Best, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ọmọ Belfast, ìlà-oòrùn ìlú ló wà. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì.