Bẹ́ ẹ ṣe lè gbé wáìnì tiyín wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun láì jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ káàkiri orí òkun ló máa gbà kí èèyàn gbé wáìnì díẹ̀ dání, àmọ́ tó bá di bíà tàbí ọtí líle, wọn ò fẹ́ rí i rárá. Ìdí ẹ̀ ò ṣòroó mọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, owó tó ń wọlé ní báà wà lára ohun tó gbé wọn ró, tí gbogbo èèyàn bá wá ń gbé páálí ọtí wọlé, ta ló máa ra tiwọn? Wáìnì ni wọ́n fi ṣojú àánú fún wa, àánú ọ̀hún sì ní òfin tiẹ̀. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà kì í ṣe wáìnì gan-an o, báàgì tí wọ́n kó o sí ni, àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, àti ibi tí wọ́n ti ṣí i. Tẹ́ ẹ bá mú mẹ́ta yẹn dání, ó ti tán.

Ìkíní: Ẹ wo òfin ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an

Ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, torí òfin yìí ń yí padà ṣáá. Ẹ wo Royal Caribbean, tẹ́lẹ̀ yàrá ni wọ́n fi ń kà á, ìgò méjì fún yàrá kan, ní báyìí orí ni wọ́n ń kà, ìgò kan fún àgbàlagbà kan. Ẹni tó dá lọ pàdánù ìgò kan nínú ìyẹn, àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tó jọ wà ní yàrá kan sì jèrè ìgò kan. Inú wẹ́bsáìtì ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wò ó, kẹ́ ẹ sì tún un wò ní bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbéra.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn tí orúkọ wọn wọ́pọ̀ nìyí. Carnival àti Royal Caribbean, ìgò wáìnì tàbí ṣáńpéènì kan tó jẹ́ mílílítà 750 fún ẹnì kan tó ti tó ọtí mu, ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ nìkan. Princess àti Holland America náà gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ìgò kan wọlé láì san owó kankan tẹ́ ẹ bá máa mu ún nínú yàrá, àmọ́ wọ́n gbà kẹ́ ẹ gbé ju ìyẹn lọ, kẹ́ ẹ ṣáà ti san kọ́kéèjì lórí àfikún. Kọ́kéèjì yìí, owó tí wọ́n ń gbà lórí ìgò tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti rà á ni. Norwegian ò ka iye ìgò rárá, ẹ lè gbé mẹ́wàá wá tó bá wù yín, àmọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ lẹ máa ti sanwó lórí ìkọ̀ọ̀kan, dọ́là 15 lórí ìgò 750, dọ́là 30 lórí ìgò ńlá tó jẹ́ lítà kan ààbọ̀, ì báà jẹ́ inú yàrá lẹ ti fẹ́ mu ún. Disney ló lawọ́ jù nínú àwọn tó ń kó ọmọdé, ìgò wáìnì méjì tàbí bíà mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọdún 21, wọ́n sì tún gbà á ní gbogbo èbúté tí ọkọ̀ bá ti dúró. Viking ò tiẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, kò sí owó kankan, ẹ gbé e wọlé, ẹ mu ún. Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ orí náà kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Lórí ọkọ̀ tó ń gbéra ní Amẹ́ríkà, ọdún 21 ni. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbéra ní Yúróòpù tàbí Ọsirélíà, ọdún 18 ni. Tí ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 bá ń bá yín lọ láti èbúté Amẹ́ríkà, ẹ má kà á mọ́ iye ìgò tẹ́ ẹ máa gbé, ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n máa fi wò ó.

Ìkejì: Irú wáìnì tó yẹ kẹ́ ẹ gbé

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgò tí wọn ò tíì ṣí, tí ìdérí ẹ̀ ṣì wà bó ṣe kúrò ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Wáìnì inú páálí, púpọ̀ nínú wọn ò gbà á. Ìgò lítà kan ààbọ̀ náà, tí òfin bá ti sọ pé 750, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀yin méjì lẹ fẹ́ jọ mu ún, àwíjàre pé ìgò kan ṣáà ni yìí ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí ìdérí ẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ẹ gba ara yín lọ́wọ́ wíwá ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣí i kiri.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò owó díẹ̀. Inú yàrá lẹ fẹ́ mu ún? Ẹ gbé èyí tó bá wù yín, olówó pọ́ọ́kú náà dáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi oúnjẹ alẹ́ lẹ fẹ́ ti ṣí i, ẹ fi kọ́kéèjì kún iye tẹ́ ẹ rà á, ó sì máa ń tó dọ́là 15 sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ìgò tẹ́ ẹ rà jẹ́ dọ́là 12, kọ́kéèjì jẹ́ 15, ó di 27. Ká tún ní ìgò tó jọ ọ́ lórí ọkọ̀ jẹ́ dọ́là 40, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fi owó iṣẹ́ ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọtí, nítorí náà ó lè di 48. Èrè ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èrè tí èèyàn ń pariwo lé lórí. Lójú tèmi, wáìnì tó yẹ ká gbé lọ sórí tábìlì wọn ni wáìnì tó dáa gan-an, irú èyí tí wọ́n máa ta ní ọgọ́rùn-ún dọ́là sókè lórí ọkọ̀, tàbí èyí tí wọn ò tiẹ̀ ní rárá, torí iye kan náà ni kọ́kéèjì bí ìgò náà bá wọ́n tàbí kò wọ́n. Gíláàsì márùn-ún ló wà nínú ìgò 750 tẹ́ ẹ bá bù ú bó ṣe yẹ, ẹ fi ìyẹn mọ iye tó máa tó yín.

Ìkẹta: Báàgì wo lẹ máa kó o sí

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Tẹ́ ẹ bá dé èbúté, àwọn tó ń gba ẹrù máa gba àpótí ńláńlá lọ́wọ́ yín níta, wọ́n á kó o gba inú ẹ̀rọ x-ray kọjá, wọ́n á wá gbé e síwájú yàrá yín tó bá di ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ̀rọ bá rí ìgò nínú ẹ̀, àpótí yẹn ò ní dé yàrá yín o. Wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ máa dúró títí, aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ lọ jẹun wà nínú ẹ̀, wọ́n á wá pè yín kẹ́ ẹ wá ṣí i níwájú àwọn sìkiọ́ríìtì. Ìgò tí òfin gbà yín láyè láti gbé lè bá bẹ́ẹ̀ lọ torí pé òfin kan náà yẹn sọ pé báàgì ọwọ́ ni kó wà. Carnival, Disney, àti ọ̀pọ̀ wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbangba: ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi gbé e.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá máa wọ bàálù kẹ́ ẹ tó dé èbúté, òdì kejì ẹ̀ ni òfin bàálù. Wọn ò gba ohun olómi tó ju mílílítà 100 lọ nínú báàgì ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, inú àpótí ńlá ni wáìnì máa wà. Wáìnì tí ọtí inú ẹ̀ ò ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ò ní ìṣòro nínú àpótí ńlá, wáìnì orí tábìlì lásán ò sì dé ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ di ọ̀rá náà pa dáadáa kó má bàa ba aṣọ jẹ́ tó bá fọ́, ẹ wá fi aṣọ tó nípọn yí i po, kẹ́ ẹ gbé e sí àárín àpótí, kó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀, yálà ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró de mọ́tò, ẹ yọ ọ́, ẹ kó o sí báàgì ọwọ́ kẹ́ ẹ tó dé èbúté. Ẹ má ṣe é níwájú aláàárù, èrò kún ẹ̀yìn yín, oòrùn ń pa yín, ẹ ń tú aṣọ ìnuwọ́ síta lójú gbogbo ayé.

Ẹni tí ò fẹ́ gbogbo ìyẹn, kó ra wáìnì ẹ̀ ní ìlú tí ọkọ̀ ti máa gbéra. Tèmi, mo fara mọ́ ìyẹn jù.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ sìkiọ́ríìtì

Ẹ má fi pamọ́. Ohun tí òfin gbà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ìgò tiẹ̀ sínú báàgì tiẹ̀, torí tí ìgò méjì bá wà nínú báàgì ẹnì kan, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ti ìyàwó mi ni, ti ọ̀gá mi ni, àwọn èèyàn sì wà lẹ́yìn yín. Lọ́dọ̀ Norwegian, tábìlì kan máa wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gba kọ́kéèjì, tẹ́ ẹ bá san án tán, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ ìgò láti fi hàn pé ẹ ti sanwó, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ìgò tó bá ju iye lọ, àwọn kan máa bá yín tọ́jú ẹ̀ di ìparí ìrìn àjò, àwọn míì máa dà á nù. Ọtí líle, ẹ má retí ẹ̀ mọ́, wọn kì í san owó ẹ̀ padà.

Ó wá ku àwọn tó ń da fódíkà sínú ìgò oògùn ìfọnu, tàbí tí wọ́n ń ra ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́, àwọn kan ń rí i gbé wọlé. Àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú òfin wọn pé àwọn lè sọ ẹni tó bá rú òfin ọtí kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ẹ sì rò ó wò, nítorí ọtí tí ò tó ogún dọ́là, kí wọ́n sọ yín kalẹ̀ sí èbúté tẹ́ ẹ ò mọ ẹnì kankan. Ẹ̀yin náà lẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì padà sílé.

Ohun tí kò ní ọtí nínú náà ní òfin tiẹ̀. Láti ọdún 2015 ni Carnival ti sọ pé agolo tàbí páálí nìkan ni àwọn gbà, agolo 12 fún ẹnì kan, omi inú ike ò wọlé mọ́.

Mímu ún lórí ọkọ̀

Nínú yàrá, ẹ bẹ ẹni tó ń tún yàrá ṣe kó bá yín wá gíláàsì, yìnyín àti irin tí wọ́n fi ń fa kọ́ọ̀kì, wọ́n sábà máa ń ní in, kì í sì í gbowó. Lọ́dọ̀ àwọn tó gbà kẹ́ ẹ gbé ìgò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò ní san kọ́kéèjì tó bá jẹ́ yàrá lẹ ti ṣí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn tiẹ̀ máa ń bù ú sí gíláàsì nínú yàrá, wọ́n á gbé gíláàsì yẹn lọ sí ibi oúnjẹ, ẹnì kan kì í sábà bá wọn wí, ìgò gan-an ni wọ́n ń wò. Tẹ́ ẹ bá gbé ìgò lọ, tẹ́ ẹ sì san kọ́kéèjì, tí wáìnì wá ṣẹ́ kù, ẹ má mu ún tipátipá o. Ẹ sọ fún wétà kó bá yín tọ́jú ẹ̀, ó máa kọ nọ́ńbà yàrá yín sí i lára, wọ́n á gbé e wá lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ìgò tẹ́ ẹ rà ní èbúté, àti èyí tẹ́ ẹ máa gbé lọ sílé

Tí ọkọ̀ bá dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, tẹ́ ẹ wá ra méjì mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa gbà á lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá ń padà wọlé, wọ́n á fún yín ní ìwé, wọ́n á sì dá a padà lálẹ́ tó kẹ́yìn tàbí láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ọtí tẹ́ ẹ bá rà nínú ṣọ́ọ̀bù orí ọkọ̀, bákan náà ni. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn pẹ̀lú risíìtì, torí àwọn aṣọ́bodè lè béèrè. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ máa sọ̀ sí, lítà kan ni ẹni tó ti pé ọdún 21 sábà máa ń gbé wọlé láì san owó ibodè, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ erékùṣù US Virgin Islands lẹ ti ń bọ̀.

Ẹ rántí pé lálẹ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n ń ní kẹ́ ẹ gbé àpótí ńlá síta, nígbà míì kí wọ́n tó dá ìgò yín padà. Tó bá jẹ́ bàálù lẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àpótí, kẹ́ ẹ wá kó ìgò náà sínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti gba àpótí yín ní èbúté, torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé tẹ́ ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà sìkiọ́ríìtì pápákọ̀ òfuurufú nínú báàgì ọwọ́, ibẹ̀ ló máa kú sí.