Bí a ṣe ń ha àwo orin, bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é

Ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi kọ́ bí a ṣe ń ha àwo orin lábẹ́ abẹ́rẹ́ (scratching, ìyẹn ni kí a máa fọwọ́ ti àwo síwájú kí a sì máa fà á padà kí ó lè dún), kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, nítorí bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Theodore Livingston, ọmọ Bronx ní New York tí a mọ̀ sí Grand Wizzard Theodore, ṣì kéré ní nǹkan bí ọdún 1975, nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bá a wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá pé ariwo orin rẹ̀ ti pọ̀ jù. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, ó fọwọ́ dá àwo dúró kí ó lè gbọ́ ohun tí ìyá ń wí, àwo náà sì ń lọ síwá sẹ́yìn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìró tó gbọ́ dùn mọ́ ọn, ó sì fi dánra wò títí ó fi di ohun tí ó ń ṣe lóde àríyá.

Ẹ̀rọ àwo orin tí mọ́tò rẹ̀ ń yí abọ́ rẹ̀ (ibi tí a ń gbé àwo lé) fúnra rẹ̀, láìlo bẹ́líìtì, ni ẹ máa lò, irú Technics SL-1200 tó jáde ní 1972. Abọ́ gbọ́dọ̀ máa yí lọ nígbà tí ọwọ́ bá dá àwo dúró. Nítorí náà, ẹ yọ rọ́bà orí rẹ̀, kí ẹ tẹ́ aṣọ fẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Grandmaster Flash, DJ kan ní Bronx tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, ló gé fẹ́ẹ̀tì báyìí, tó fi sítáàṣì sí i, tó sì lọ̀ ọ́ kí ó lè le.

Ẹ wá ibi tí ìlù kan tàbí ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ gaara, kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù kékeré mọ́ àárín àwo láti fi mọ ibẹ̀. Ẹ gbé orí ìka lé etí àwo lápá òsì, níbi tó jìnnà sí abẹ́rẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á dá mọ́tò lọ́wọ́ kọ́. Ẹ tì í síwájú, kí ẹ fà á padà níwọ̀n kan náà, kí ó máa bá ìlù orin mìíràn lọ. Bí ọwọ́ bá yá, ohùn á ròkè. Bí ó bá falẹ̀, á wálẹ̀, bí ìgbà tí onílù ń fún ọ̀sán dùndún tó sì ń tú u sílẹ̀. Ìgbà tí èyí bá mọ́ ọwọ́ yín lára tán ni kí ọwọ́ kejì tó lọ sórí ẹ̀rọ tí a fi ń pa ohùn tí a sì fi ń ṣí i, kí ẹ lè pa ohùn àfàpadà, kí ó ku ti àtìsíwájú nìkan.

Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe kí ẹ di ẹrù lé e, torí ẹrù a máa jẹ ojú àwo. (Àwo Haruna Iṣọla tí bàbá yín fi pamọ́ kọ́ ni ẹ máa fi kọ́ṣẹ́ o.)

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ àwo tí Grandmaster Flash ṣe ní 1981, The Adventures of Grandmaster Flash on the Wheels of Steel, níbi tí ó ti fi àwọn àwo tó ti wà nílẹ̀ ṣe odindi orin kan. Ẹ gbọ́ Rockit ti Herbie Hancock ní 1983 tẹ̀lé e. GrandMixer DST ló ń ha àwo níbẹ̀, orin yìí ló sì gbé ìró náà kúrò ní Bronx lọ sí etí àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí. Change the Beat ti Fab 5 Freddy ni àwo tí ó ń ha. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ yí i sí ojú kejì, ẹ sún abẹ́rẹ́ lọ sí ìparí, níbi tí ohùn ẹ̀rọ kan ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, fresh, ni kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù yín sí.