Bí A Ṣe Lè Ṣàlàyé Bí Jíìnì Ṣe Ń Jí Nínú Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Dáàbò Bo Ara

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ a máa sọ fún mi pé purotéènì adarí jíìnì ń tan jíìnì bí ẹni tan iná. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí purotéènì náà wà kí àmì tó dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tó dì í mú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ya òbìrí ńlá kan sójú pátákó, kí ẹ sì ya kékeré sínú rẹ̀. Èyí tó tóbi ni sẹ́ẹ̀lì. Kékeré ni núkíléọ́ọ̀sì, ibi tí DNA àti nǹkan bí 20,000 jíìnì tí a fi ń ṣe purotéènì wà. Nǹkan bí 1,600 purotéènì adarí ló ń pinnu èyí tí a ó dà kọ nínú wọn, ìyẹn ni pé a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí RNA kí a tó fi ṣe purotéènì. Ní Ẹnuwá, ní ààfin Ọọ̀ni, ẹmẹ̀sẹ̀ kì í jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adarí yìí náà kì í sì í ṣiṣẹ́ láìrí àmì. (Àfiwé náà kò pé o, nítorí ẹmẹ̀sẹ̀ ń gbé iṣẹ́ jáde láti ààfin, tiwa ń gbé e wọlé.)

Ẹ fi NF-κB, ọ̀kan nínú àwọn adarí yìí, ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, èyí tí Ranjan Sen àti David Baltimore ṣàwárí ní 1986. Ẹ kọ ọ́ sí ìta òbìrí kékeré, kí ẹ sì kọ IκB, purotéènì tó dì í mú, mọ́ ọn lára. Ká ní ẹ̀gún gún ọmọ kan lẹ́sẹ̀ lọ́nà Mọdákẹ́kẹ́, tí bakitéríà sì gba ojú egbò wọlé. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì bá ti dá bakitéríà náà mọ̀, ẹ́ńsáìmù IKK yóò lẹ fọ́sífétì, èròjà kékeré kan, mọ́ IκB, èyí tí yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì gé IκB wẹ́wẹ́. NF-κB yóò wá ráyè wọ núkíléọ́ọ̀sì, yóò so mọ́ ibi tó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà mẹ́wàá lórí DNA, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn jíìnì bíi TNF àti IL-6 kọ, tí purotéènì wọn jẹ́ àmì láàárín sẹ́ẹ̀lì, tí ojú egbò náà yóò fi wú. Ẹ má kánjú kúrò níbí, nítorí jíìnì IκB wà lára àwọn tí NF-κB ń jí: òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ẹni tí yóò tún wá dì í mú.

Ti NFAT, adarí mìíràn, nínú sẹ́ẹ̀lì T (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń dáàbò bo ara) kò gba àkókò púpọ̀. Yíyọ ni ẹ́ńsáìmù calcineurin ń yọ fọ́sífétì kúrò lára rẹ̀ kó tó wọlé, òun àti AP-1, tí òun náà jẹ́ adarí, sì jọ ń jí jíìnì IL-2, tí purotéènì rẹ̀ ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T pọ̀ sí i. Ẹ tẹnu mọ́ yíyọ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Oògùn cyclosporine, tí wọ́n ń fún ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún, calcineurin ló ń dí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa pátákó rẹ́, kí ẹ sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tún un yà pẹ̀lú IκB tí kò ṣeé gé rárá. Bí ó bá fi NF-κB sínú òbìrí kékeré, ẹ bi í léèrè ẹni tó tú u sílẹ̀.