Bó o ṣe lè ka Algebra 2 nílé kó sì yé ẹ dáadáa

Tó o bá ń kàwé nílé tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Algebra 2, ìyẹn ìpele kejì ìṣirò tó ń lo lẹ́tà bíi x, jọ̀ọ́ má tíì ṣí orí kìíní o, kọ́kọ́ wò ó bóyá o ṣì lè yanjú x² − 5x + 6 = 0 láìwo ìwé, tí (x − 2)(x − 3) bá wá sí ẹ lọ́kàn, tó o sì rí i pé x jẹ́ 2 tàbí 3, ó yá, máa lọ. Tí ò bá wá, padà sí Algebra 1 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ.

Ibi tó máa ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú ni (x − 3)². Wọ́n á kọ x² + 9, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá! Kọ ọ́ sílẹ̀ bí (x − 3)(x − 3), fi ọwọ́ ara ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ ẹ̀, wàá rí i pé x² − 6x + 9 ni.

Logarithm, tó ń sọ iye ìgbà tá a máa kọ nọ́ńbà kan (base) ká sì sọ wọ́n di púpọ̀ kó tó di nọ́ńbà míì, náà ò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. 2⁵ jẹ́ 32, torí náà log 32 ní base 2 jẹ́ 5, ó parí.

Fídíò Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ wíwò nìkan ò tó, dá a dúró kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, kó o ṣe tìẹ ná. Kí òbí ẹ máa máàkì ìdánwò ẹ, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú déètì, torí yunifásítì lè béèrè ẹ̀ lọ́la.